Ta Ló Rí Sísanra Nígbà Tó Ń Bọ̀?

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera, wọ́n sì fi èyí tí n óò mú níbẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, rọpárọsẹ̀, orúnkún tí kò jẹ́ kí ìyá àgbà lè dìde lórí àpótí: mo rò wọ́n títí, mo sì rí i pé ohun kan wà tó máa ń ṣáájú ọ̀pọ̀ nínú wọn wá. Kì í dun ni, kì í yọ ni lẹ́nu, a tiẹ̀ tún máa ń kí ara wa kú oríire nítorí rẹ̀. Òun ni bí ara ṣe ń sanra sí i díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún, tí ẹni tó ni ara kò sì mọ̀.

N kò wá bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó sanra nínú wa kì í ṣe ọ̀jẹun, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ ju èmi tí mo dúró níbí lọ. Ohun tí mo wá sọ ni pé àwọn tó yẹ kó ṣe ẹlẹ́rìí fún wa, ìyẹn aṣọ wa, ojú wa, ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ wa, títí kan ara fúnra rẹ̀, gbogbo wọn ló ń yí padà pẹ̀lú wa. Kò sí èyí tó dúró lójú kan nínú wọn tí yóò fi lè sọ ibi tí a ti kúrò.

Ẹ jẹ́ kí á mú aṣọ ṣáájú. Ẹ̀yin aránṣọ tó wà níbí, ẹ máa gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Nínú gbogbo oníṣẹ́ ìlú, kò sí ẹni tó ní àkọsílẹ̀ ara wa bíi télọ̀. Dókítà ń rí wa nígbà tí ara kò bá yá. Télọ̀ ń rí wa nígbà Iléyá, nígbà Kérésì, nígbà ìgbéyàwó, nígbà ìsìnkú àgbà. Bí aṣọ ẹbí bá ti dé, yóò fa téèpù yọ, yóò wọn èjìká, àyà, ìbàdí àti gígùn, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé tí etí rẹ̀ ti ká kò. Ẹni tó bá ti ń rán aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀ kan ṣoṣo láti ìgbà tó ti gbéyàwó, ìtàn ìbàdí rẹ̀ wà nínú ìwé yẹn: ínṣì 32, ínṣì 33, ínṣì 33 ààbọ̀, ínṣì 35. Kò sí ọjọ́ tí télọ̀ pariwo, nítorí ínṣì kan kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Télọ̀ tó mọ iṣẹ́ tún máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú aṣọ kí oníbàárà má baà dá a padà. Àyè díẹ̀ yẹn la máa ń sanra kún.

Aṣọ ìbílẹ̀ wa gbà wá láyè púpọ̀. Ìró kì í kọ ikùn. Bó bá fún, a tú u, a tún un ró. Okùn ṣòkòtò gùn ju ìbàdí ẹnikẹ́ni lọ. Agbádá bo ohun gbogbo, bó sì ti fẹ̀ tó ló ṣe ń buyì kún ẹni tó wọ̀ ọ́. Síkẹ́ẹ̀tì onírọ́bà ń fà bí ara bá ti ń fà. Mo fẹ́ràn aṣọ wa, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Mo kàn ń sọ pé kò lè jẹ́rìí ni. Ẹni tó ń wọ ṣòkòtò oníbọ́tìnì lọ sí ọ́fíìsì, ṣé òun sàn jù? Mo rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọkùnrin wa dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń sọ pé, “Ínṣì 36 ni mò ń wọ̀ láti ìgbà tí mo ti ń sìnlú.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bẹ́líìtì ló ti sọ̀ kalẹ̀ láti ìdodo lọ sí abẹ́ ikùn, ikùn sì dùbúlẹ̀ lé e lórí. Nọ́ńbà ṣòkòtò kò yí padà, ara ló ti yí.

Lẹ́yìn aṣọ, ẹ jẹ́ kí á yà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn. Ìkíni wa lórí ọ̀rọ̀ ara, ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀ pé ó léwu. Bí ẹnìkan bá fi kílò márùn-ún sanra, a óò ní, “Ara yín mà ti yọ̀ o!” “Ìgbádùn yìí pọ̀!” “Ọkọ yín ń tọ́jú yín!” Bó bá fi kílò márùn-ún rù, a óò fà á sí kọ̀rọ̀, a óò rẹ ohùn sílẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí o?” N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àwọn bàbá wa rí ìyàn, wọ́n rí ikọ́ ife àti ìgbẹ́ gbuuru tó ń fa ọmọ gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí éèdì tún dé, tí a rí bó ṣe ń sọ gìrìpá di egungun, ìbẹ̀rù rírù wọ̀ wá lára gan-an. Ẹ̀rù yẹn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ó ti sọ wá di ẹni tí kò ní ohùn kankan fún ewu tó ń gba ọ̀nà kejì bọ̀. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan ń lọ ra oògùn asanra lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn káàkiri, kí ìdí àti itan wọn lè yọ. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń fún wọn ni dexamethasone, oògùn alágbára tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sókè. Èkejì ni cyproheptadine, oògùn ara yíyún tó ń mú ebi pani. Ẹ̀yin ìyá, ẹ yẹ àpò àwọn ọmọ yín wò, ẹ má sì nà wọ́n. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ojú náà ńkọ́? Ẹni tí à ń rí lójoojúmọ́ nínú dígí, a kì í rí i pé ó ń yí padà. Ohun tí ojú wa sì ń fi wọ̀n wá ni àwọn tó yí wa ká, àwọn náà sì ń sanra lọ. Ní ọdún 2007, Nicholas Christakis àti James Fowler yẹ àkọsílẹ̀ èèyàn 12,067 wò, àwọn tí wọ́n ti ń wọ̀n lóòrèkóòrè láti ọdún 1971 nínú ìwádìí ọkàn tó gbajúmọ̀ ní ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé bí ọ̀rẹ́ ẹnìkan bá sanra dé ìpele àsanjù, ó ṣeé ṣe ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún, pé kí òun náà sanra dé ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ti bá wọn jiyàn lórí ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n èmi kò nílò àríyànjiyàn láti mọ̀ pé ẹgbẹ́ tí à ń bá jókòó jẹun lọ́jọ́ Sátidé ni a ń bá dọ́gba. Bí gbogbo tábìlì bá jọ fẹ̀ sí i, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò ní rí ara rẹ̀ bí ẹni tó sanra.

Èyí tó kù ni ara fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rockefeller ní New York ṣàwárí ohun kan tí wọ́n pè ní leptin. Ọ̀rá ara ló ń ṣe é, tó sì ń rán an lọ sí ọpọlọ láti sọ iye tó wà nínú àká. Bí ọ̀rá bá dínkù, leptin á dínkù, ọpọlọ á fi ebi kígbe síta. Bí ọ̀rá bá ń pọ̀ sí i, leptin náà á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í fi bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn mọ́. Bí ara ṣe ń bẹ̀rù kò yàtọ̀ sí bí àwa náà ṣe ń kí ara wa: ariwo wà fún rírù, kò sí ariwo fún sísanra.

Nígbà náà, níbo ni ó ti ń wọlé? Èyí ni mo fẹ́ kí á jókòó tì jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ṣìnà. A rò pé ẹni tó sanra ti jẹ ohun ńlá kan. Rárá. Ara ń dá àjọ ni. Alájọ tí a mọ̀ ní ọjà máa ń gba díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, òṣù á parí, owó gidi á jókòó. Alájọ inú ara kò mọ ọjọ́ ìsinmi, kò sì ń gba owó iṣẹ́. Ohunkóhun tí a kò bá ná lónìí, ó ti fi pamọ́ sí ikùn. Ní ọdún 2011, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibùdó ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Wọ́n ní bí àgbàlagbà bá ń jẹ kálórì 10 péré lé lójoojúmọ́, tí kò sì yí ohun mìíràn padà, ara rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdajì kílò lé nígbẹ̀yìn. Ìdajì ìyẹn á ti dé láàárín ọdún kan. Láàárín ọdún mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni yóò ti dé.

Kálórì 10 kò tó kóòbù ṣúgà kan, nítorí gíráàmù ṣúgà kan jẹ́ kálórì mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí á wo epo. Ṣíbí ìjẹun kan tó kún fún epo, ìbáà jẹ́ epo pupa tàbí òróró, jẹ́ nǹkan bíi kálórì 120. Bí ṣíbí kan yẹn bá ń lé lórí oúnjẹ wa lójoojúmọ́ láìsí ohun tí a fi ń ná an, kílò márùn-ún ó lé díẹ̀ ni láàárín ọdún mẹ́ta. Ta ló sì ń wọn epo nínú wa? Kẹ́ẹ̀gì la máa ń dà sínú ìkòkò, ojú la sì fi ń dá a dúró. Ọbẹ̀ tí epo kò bá léfòó lórí rẹ̀, a ní ọwọ́ ẹni tó sè é há. Iṣu tí a sè àti dùndú, láti ara iṣu kan náà ni. Epo tí dùndú mu ló fi yàtọ̀.

Mínírà náà wà níbẹ̀. Ìgò tó gba ìlàjì lítà, tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 10 nínú mílílítà 100, gíráàmù 50 ṣúgà ló wà nínú rẹ̀, kálórì 200. A mu ún tán, ikùn kò mọ̀ pé nǹkan kan wọlé. A óò tún jẹ iye àmàlà tí à bá ti jẹ tẹ́lẹ̀. N kò rí oúnjẹ kankan nínú oúnjẹ àwọn baba ńlá wa tó ń wọlé ní ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn wà tó jẹ́ tiwa gan-an. Ẹ bi ẹni tó ti inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ dé bóyá ó ti jẹun. Yóò ní, “N kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀.” Ó ti mu tíì tó ní kóòbù ṣúgà mẹ́ta àti búrẹ́dì, ó ti ra gálà àti mínírà lójú títì, ó ti fọ́ ẹ̀pà, ó ti jẹ ìpékeré. Kò purọ́. Lọ́kàn tiwa, ohun tí a kò fi ọwọ́ bu ní òkèlè, tí kì í sì í ṣe ìrẹsì nínú àwo, kì í ṣe oúnjẹ. Nítorí náà yóò jókòó ti ẹ̀bà bí ẹni tí kò jẹun rí lọ́jọ́ náà. Ìyá ilé náà ní tirẹ̀: ó tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó jinná, ó jẹ ìjẹkù ọmọ méjì nítorí pé dída oúnjẹ nù jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá bu tirẹ̀. Bí a bá bi í ohun tó jẹ, tirẹ̀ nìkan ni yóò dárúkọ. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni láti fi ìjẹkù ọmọ sínú fìríìjì tàbí kí á bu oúnjẹ tó kéré sí i fún ọmọ ní ìgbà àkọ́kọ́.

Bí mo bá ti ń sọ báyìí, àwọn àgbà máa ń dá mi lóhùn pé ọjọ́ orí ló fà á. Pé ẹni tó bá ti kọjá ogójì ọdún, iná inú rẹ̀ ti ń kú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2021, Herman Pontzer àti ọ̀pọ̀ onímọ̀ káàkiri àgbáyé kó àbájáde wíwọn agbára tí ara èèyàn tó lé ní 6,400 láti orílẹ̀-èdè 29 ń ná jọ. Láti ọmọ ogún ọdún títí di ọgọ́ta, bí a bá ti ro ti títóbi ara mọ́ ọn, agbára tí ara ń ná kò dínkù. Ẹ̀yìn ọgọ́ta ọdún ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń yí padà láàárín ogún sí ọgọ́ta ni ìgbé ayé wa: iṣẹ́ ìjókòó, ọmọ, mọ́tò, òde ìnáwó, àìsùn. Iṣan ara náà máa ń jò bí a kò bá lò ó, ọ̀rá á sì gba àyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n fi lè dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀ nígbà tí ikùn ń yọ.

Ẹ wo ẹsẹ̀ wa. Ẹni tó bá rin kìlómítà kan lọ sí ibùdókọ̀, tó tún rin kìlómítà kan bọ̀, yóò ná nǹkan bíi kálórì 100. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá ti gba ìrìn yẹn lọ́wọ́ wa láti ẹnu ilẹ̀kùn ilé. N kò bínú sí ọlọ́kadà. Níbo ni ẹni tó bá fẹ́ rìn yóò gbà? Gọ́tà tó ṣí sílẹ̀ wà lápá ọ̀tún, mọ́tò wà lápá òsì, àwọn ọlọ́jà sì jókòó sórí ìwọ̀nba ilẹ̀ tó ṣẹ́kù. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, á kúrò nílé kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀, á sì padà dé nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn. Aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń jẹ òkèlè. Oorun wákàtí mẹ́rin ló kù fún un. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Chicago fi ọ̀dọ́kùnrin 12 dánrawò: wọ́n jẹ́ kí wọ́n sùn fún wákàtí mẹ́rin péré fún òru méjì. Leptin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀, ghrelin, ohun tó ń pe ebi, fi ìdá 28 gòkè, ohun dídùn àti ohun oníyọ̀ ni ọkàn wọn sì ń fà sí jù. Òru méjì péré o. Àwọn ará Èkó ń ṣe é láti oṣù dé oṣù.

Ti òde ìnáwó, n kò ní pẹ́ níbẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Susan Yanovski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn àgbàlagbà 195 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2000. Láàárín ọdún Ìdúpẹ́ wọn ní oṣù kọkànlá sí ọdún tuntun, kílò 0.37 péré ni wọ́n fi sanra. Kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà wọ̀n wọ́n lẹ́yìn ọdún, kò tíì kúrò lára wọn. Àkókò ọdún ni tiwọn fi ń wọlé, ó sì ń jókòó. Àwa ńkọ́, tó jẹ́ pé gbogbo Sátidé ni ọdún? Ìrẹsì jọ̀lọ́fù, ẹran díndín, mọ́ínmọ́ín, púff-púff, àmàlà lẹ́yìn náà, mínírà láàárín gbogbo rẹ̀, tí a ó sì tún di èyí tó kù sí ọ̀rá lọ sílé fún alẹ́. A kò lè kọ àwo níwájú olóde, nítorí pé àrífín ni. A lè gbà á, kí á sì má jẹ ẹ́ tán. Ìyẹn kì í ṣe àrífín.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilé ẹnìkan. Nínú ìwádìí ìlera tí ìjọba Nàìjíríà máa ń ṣe láàárín ọdún mélòó kan, obìnrin 22 nínú ọgọ́rùn-ún, láti ọmọ ọdún 15 sí 49, ló sanra ju bó ṣe yẹ lọ ní ọdún 2008. Ó di 25 ní ọdún 2013. Ó di 28 ní ọdún 2018. Bí ìbàdí ẹnìkan ṣe ń lọ nínú ìwé télọ̀ náà ni ti orílẹ̀-èdè ń lọ: díẹ̀díẹ̀, láìsí ariwo.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó ń já sí, ẹ bá mi dé Ìgbó-Ọrà. Ní àwọn ọdún 1990, Richard Cooper, Charles Rotimi tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lára àwọn ará Ìgbó-Ọrà àti Ìbàdàn, àti àwọn èèyàn ní Kamẹrúùnù. Wọ́n kọjá sí Jàmáíkà, Saint Lucia àti Barbados, wọ́n sì parí rẹ̀ sí ìlú Maywood lẹ́bàá Chicago, láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú kúrò ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àgbàlagbà 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn, 26. Ní Maywood, 33. Bí ìwọ̀n ara ṣe ń ga láti ibì kan dé èkejì, bí iyọ̀ inú oúnjẹ sì ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn gòkè. Àwọn tó ń sọ pé ìran dúdú ni wọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún wa ìdí tí kò fi pọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà. Àgbẹ̀ tó ń rìn lọ sí oko, tó ń jẹ láfún àti ẹ̀fọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ ní in. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé àwa tó wà nílé ń sáré tẹ̀lé àwọn ará wa tó wà lẹ́yìn odò, a sì ń pè é ní ọ̀làjú.

Àwọn kan ń ronú pé bó bá tiẹ̀ pọ̀ tán, a ó yọ ọ́ kúrò. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Ní ọdún 2016, Kevin Hall kan náà tún yẹ èèyàn 14 kan wò tí wọ́n ti fi ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n yọ ọ̀rá rẹpẹtẹ kúrò lára wọn lọ́dún mẹ́fà ṣáájú. Ọ̀pọ̀ wọn ti sanra padà. Ara wọn sì ń ná nǹkan bíi kálórì 500 dín sí iye tó yẹ kí ara tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ máa ná lójúmọ́. Ara máa ń jà fún ibi gíga jù lọ tó bá ti dé. Nítorí náà, kílò kan tí a dá dúró kó tó wọlé, iyebíye ni. Kílò mẹ́wàá tí a fẹ́ lé jáde, ogun ni. Ẹni tó ti wà nínú ogun yẹn nínú wa, mo bọ̀wọ̀ fún un, kó má sì fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Kó lọ bá dókítà, ìrànlọ́wọ́ wà.

Ṣùgbọ́n dídá a dúró ṣeé ṣe. Ní Amẹ́ríkà, Rena Wing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀dọ́ 599 jọ, ẹni ọdún 18 sí 35, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún ọdún mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n kọ́ láti máa gun òṣùwọ̀n lójoojúmọ́, kí wọ́n sì tún jíjẹ àti ìrìn wọn ṣe bí wọ́n bá ti rí i pé ó ń gòkè, kò sanra bíi ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀; wọ́n tiẹ̀ fọn díẹ̀. Ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún èèyàn 272 ní àkókò Kérésì: kí wọ́n máa wọn ara wọn, kí wọ́n sì mọ bí ìrìn tí wọ́n máa rìn kí wọ́n tó lè ná oúnjẹ ọdún tán ṣe gùn tó. Ọdún parí, wọn kò sanra; àwọn yòókù sanra. Ohun tí wọ́n fún wọn kò pọ̀: ẹlẹ́rìí tí kì í yí padà ni.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ilé ló ní òṣùwọ̀n. Téèpù aránṣọ kò wọ́n. Ẹ wá egungun ìhà tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ wá orí egungun ìbàdí. Àárín méjèèjì ni kí ẹ fi téèpù yí ká, lórí awọ, kì í ṣe lórí aṣọ. Ẹ mí síta, ẹ má fa ikùn wọlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù tó. Bó bá fi ínṣì kan kúrò níbi tó wà, ẹ má dúró de ìkejì. Kí ẹ yọ mínírà kúrò nínú ilé, kí ẹ fi ṣíbí wọn epo, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tiyín bí ọ̀nà bá gbà á. Ẹ má fi ebi pa ara yín, ẹ má mu àgbo ìfọnkùn kankan. Ìyá ọmọ tuntun kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ yìí kí nọ́ọ̀sì tó bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó sanra lójijì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tàbí tó ń rù láìṣe nǹkan kan, ilé ìwòsàn ni kó lọ. Abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí mìíràn àti àwọn oògùn kan náà máa ń mú ara sanra. Ẹ bi ẹni tó fún yín.

Ọwọ́ ìjọba kò mọ́ nínú èyí. Òfin ìnáwó ọdún 2021 fi náírà mẹ́wàá lé lítà kọ̀ọ̀kan mínírà oníṣúgà. Náírà mẹ́wàá! Ó kéré nígbà náà, lónìí kò lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ bo gọ́tà, kí wọ́n ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ omi sí ilé ìwé. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìyá àti bàbá ní ilé ìwé, ẹ̀yin ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀: ẹ ní kí ilé ìwé má ta mínírà nínú ọgbà.

Nọ́ńbà méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Bí ọkùnrin bá wọn ikùn rẹ̀, tó sì kọjá sẹ̀ǹtímítà 94, ìyẹn ínṣì 37, ewu ti bẹ̀rẹ̀. Ti obìnrin ni sẹ̀ǹtímítà 80, ìyẹn ínṣì 31 ààbọ̀. Ẹni tó bá ti kọjá rẹ̀ nínú wa, mo bẹ̀ ẹ́, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ ọn jù kí oṣù yìí tó parí, kó sì mú ọkọ tàbí aya rẹ̀ dání.